Omi, Òkúta àti Orúkọ: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Ilẹ̀ Thanjavur ní Gúúsù Íńdíà



Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ àti odò. Ìdí rẹ̀ kò ju èyí lọ: ilẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jẹ́ ilẹ̀ tí a ti kọ nǹkan sílẹ̀ púpọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára òkúta, wọ́n kọ ọ́ sára bàbà, wọ́n kọ ọ́ sára ewé ọ̀pẹ. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíka ohun tí a kọ ní ẹ̀tọ́ láti bi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìbéèrè kan: ta ni ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ta sì ni ẹ kò kọ?

Ìbéèrè yìí ni òpó tí gbogbo ọ̀rọ̀ mi rọ̀ mọ́. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún, orúkọ àwọn tí wọ́n ní ilẹ̀, àwọn tí wọ́n ta òrìṣà lọ́rẹ, àti àwọn tí wọ́n jẹ tẹ́ḿpìlì ní gbèsè ni àwọn akọ̀wé Thanjavur ń kọ. Àwọn tí wọ́n ń wọ inú ẹrẹ̀ láti gbin ìrẹsì tí gbogbo ọlá náà ti wá kò sí nínú ìwé, àfi àdúgbò tí wọ́n ń gbé. Ẹni tí kò bá ka àlàfo yìí pẹ̀lú ohun tí a kọ kò tíì ka Thanjavur.

1. Ilẹ̀ àti odò

Thanjavur wà ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, ní ìhà gúúsù-ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Íńdíà. Odò Kaveri ni ó dá a sílẹ̀. Odò yìí sun láti Talakaveri, lórí òkè Kodagu ní ìpínlẹ̀ Karnataka, ó sì ń ṣàn ní nǹkan bí 800 kìlómítà lọ sí ìhà ìlà-oòrùn kí ó tó wọ inú òkun Bengal. Nígbà tí ó bá dé ẹ̀bá ìlú Tiruchirappalli, ó ya sí méjì, ó sì fi erékùṣù Srirangam sí àárín. Ẹ̀ka ti àríwá ni a ń pè ní Kollidam. Ẹ̀ka ti gúúsù ni ó ń jẹ́ orúkọ ìyá rẹ̀, Kaveri. Láti ibẹ̀ lọ, Kaveri tún ń bí ọmọ, ọmọ rẹ̀ ń bí ọmọ, títí ilẹ̀ náà fi dà bí àtẹ́lẹwọ́ tí ìlà kún. Ẹrẹ̀ tí àwọn ẹ̀ka odò wọ̀nyí ń gbé wá láti ayébáyé ni ó di ilẹ̀ tẹ́jú tí a ń gbin ìrẹsì sí.

Ohun kan wà tí àwòrán ilẹ̀ kò fi hàn. Kì í ṣe òjò kan ṣoṣo ni ó ń bọ́ Thanjavur. Láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹsàn-án, afẹ́fẹ́ gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ń rọ òjò sórí òkè Kodagu lọ́hùn-ún, omi náà a sì ṣàn dé Thanjavur nígbà tí òjò ibẹ̀ gan-an kò tíì tó nǹkan. Láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kejìlá, afẹ́fẹ́ àríwá-ìlà-oòrùn a gbé òjò tirẹ̀ wá láti ojú òkun. Àgbẹ̀ a fi omi odò gbin ìrẹsì kuruvai tí ó tètè ń gbó. A sì fi omi odò pẹ̀lú omi òjò gbin ìrẹsì samba tí ó ń pẹ́ lóko. Ẹni tí ó ń fi omi méjì dáko lè kórè lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ibi méjì náà ni ìjákulẹ̀ ti lè bá a: orí òkè tí ó wà lábẹ́ àkóso ẹlòmíràn, àti ojú òkun tí kò sí lábẹ́ àkóso ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2004, nígbà tí òkun ru gùdù lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ní ẹ̀bá Sumatra, etíkun Nagapattinam ni ìjàǹbá náà ti pọ̀ jù ní gbogbo Tamil Nadu. Nǹkan bí 6,000 ènìyàn ni ó bá a lọ níbẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé orúkọ náà pẹ̀lú. Títí di ọdún 1991, àgbègbè ìṣàkóso kan ṣoṣo ni Thanjavur, láti ẹ̀bá ìsédò títí dé etí òkun. Ní ọdún náà ni a gé Nagapattinam kúrò lára rẹ̀. Ní 1997 a dá Tiruvarur sílẹ̀. Ní 2020 a tún yọ Mayiladuthurai kúrò lára Nagapattinam. Èyí tí ó ń jẹ́ Thanjavur nísinsìnyí, tí ìkànìyàn ọdún 2011 ka ènìyàn 2,405,890 níbẹ̀, kò ju apá kan ilẹ̀ àtijọ́ náà lọ. Gbogbo ilẹ̀ àtijọ́ yẹn ni mo ní lọ́kàn nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, nítorí pé odò kan ni ó so wọ́n pọ̀.

2. Ìsédò Kallanai

Ní ibi tí erékùṣù Srirangam parí sí, ẹ̀ka odò méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tún pàdé. Ìsàlẹ̀ odò Kollidam sì jìn ju ti Kaveri lọ. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Kollidam ni omi yóò gbà lọ sínú òkun, oko yóò sì gbẹ. Láti dènà èyí ni a ṣe kọ́ ìsédò tí wọ́n ń pè ní Kallanai, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe ìsédò olókùúta. Ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Tamil sọ pé Karikalan, ọba Chola kan láyé àtijọ́, ni ó kọ́ ọ, ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ikú Kristi. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 329 mítà. Kò sí àpáta ní ìsàlẹ̀ odò níbẹ̀ tí ènìyàn lè fi ṣe ìpìlẹ̀, iyanrìn ni. Àwọn tí wọ́n kọ́ ọ ju òkúta ńláńlá sínú iyanrìn, wọ́n jẹ́ kí ó rì títí ó fi jókòó, wọ́n sì tún ju òmíràn lé e.

Nígbà tí Arthur Cotton, oníṣẹ́ ẹ̀rọ nínú ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, dé ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó rí i pé ọgbọ́n tí òun ń wá ti wà nílẹ̀. Ìsédò tí ó kọ́ sí orí Kollidam láti ọdún 1836 tẹ̀lé ìlànà àwọn àgbà náà, ẹ̀kọ́ kan náà ni ó sì mú lọ sí odò Godavari ní 1847. Ìwé ìtàn kún fún orúkọ Cotton, orúkọ Karikalan sì wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Àwọn tí wọ́n ru òkúta nígbà méjèèjì kò lórúkọ.

3. Ògiri Rajaraja

Ẹ jẹ́ kí a wá wo òkúta tí ó sọ̀rọ̀ jù. Rajaraja Kìíní jọba Chola láti 985 sí 1014. Ní ọdún 1010 ni ó parí tẹ́ḿpìlì ńlá tí ó kọ́ fún Shiva ní ìlú Thanjavur, èyí tí a mọ̀ sí Brihadisvara. Ilé gogoro rẹ̀ ga ju àádọ́ta mítà lọ, òkúta líle ni a sì fi kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí irú òkúta bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ náà. Láti ọ̀nà jíjìn ni a ti gbé e wá. Ní 1987, UNESCO ka tẹ́ḿpìlì náà mọ́ ogún gbogbo ayé.

Lójú èmi o, ìyanu tẹ́ḿpìlì yìí wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, lára ìpìlẹ̀ àti ògiri tí a gbẹ́ ọ̀rọ̀ Tamil sí yíká. Ọba pàṣẹ pé kí a gbẹ́ ohun tí òun fi ta òrìṣà lọ́rẹ sára òkúta, àti èyí tí ẹ̀gbọ́n òun obìnrin fi ta á lọ́rẹ, àti èyí tí àwọn aya òun fi ta á lọ́rẹ, àti ti àwọn yòókù. Ẹ̀gbọ́n náà ni Kundavai, orúkọ rẹ̀ sì hàn níbẹ̀ kedere. Wọ́n ka wúrà, wọ́n ka ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n ka ère. Wọ́n sọ ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kì í ṣe àwọn ọlọ́lá nìkan ni ó wà níbẹ̀. A kọ orúkọ 400 obìnrin oníjó tí a kó wá láti àwọn tẹ́ḿpìlì káàkiri ilẹ̀ Chola. A sọ tẹ́ḿpìlì tí olúkúlùkù ti wá, a sọ ilé tí a fún un, a sì sọ ìpín rẹ̀, èyí tí í ṣe 100 kalam ìrẹsì lọ́dún. Òṣùwọ̀n ìrẹsì àwọn Tamil ni kalam. A kọ orúkọ olórin, onílù, alágbàfọ̀, onígbàjámọ̀, aránṣọ àti akọ̀wé owó. A kọ orúkọ àwọn darandaran pàápàá. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí iná kan máa jó níwájú òrìṣà títí láé yóò fún tẹ́ḿpìlì ní 96 àgùntàn. Darandaran kan yóò gbà wọ́n, yóò sì máa mú òróró wàrà wá lójoojúmọ́. Orúkọ darandaran náà wà lára ògiri, orúkọ àwọn ìbátan rẹ̀ tí wọ́n dúró fún un náà sì wà níbẹ̀.

Ìdí tí a fi kọ wọ́n hàn kedere. Wọ́n jẹ́ ẹni tí tẹ́ḿpìlì ní láti san nǹkan fún, tàbí tí ó ní láti gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ìwé ìṣirò ni ògiri náà; ìṣirò yìí ni ó gba orúkọ onílù àti darandaran là fún wa.

Nígbà náà, níbo ni 100 kalam ìrẹsì ti wá? Láti inú àwọn abúlé tí ọba fi owó orí wọn bọ òrìṣà ni. Ògiri náà ka àwọn abúlé wọ̀nyí pẹ̀lú, ó sì sọ ilẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ gba owó orí lé lórí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ibi tí àwọn onílẹ̀ kọ́ ilé sí, ilé òrìṣà, adágún omi, ojú omi tí ó gba inú abúlé kọjá, ibi tí a ti ń sun òkú, àti paraichcheri. Paraichcheri ni àdúgbò àwọn Paraiyar, àwọn tí iṣẹ́ oko wà lọ́rùn wọn, tí a sì yà sọ́tọ̀ kúrò láàárín abúlé. Ibẹ̀ ni a ti rí wọn nínú gbogbo àkọsílẹ̀ ńlá yìí, láàárín ojú omi àti ibi ìsìnkú, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tí kò mú owó wọlé. Abúlé ni ó jẹ tẹ́ḿpìlì ní ìrẹsì. Akọ̀wé kò rí ìdí kankan láti béèrè orúkọ ẹni tí ó gbìn ín.

Ọlá Chola kò dúró sórí ilẹ̀ nìkan. Rajaraja fi abúlé Anaimangalam ta ilé àwọn ẹlẹ́sìn Buddha lọ́rẹ, èyí tí ọba Srivijaya kọ́ sí Nagapattinam. Àwo bàbà tí a kọ ọ̀rọ̀ náà sí wà títí di òní, orúkọ ìlú Leiden ní ilẹ̀ Holland ni àwọn onímọ̀ sì fi ń pè é. Ṣùgbọ́n ní 1025, Rajendra ọmọ Rajaraja kó ọmọ ogun gba ojú òkun lọ kọlu Srivijaya kan náà, ó sì fi ìlú Kadaram, èyí tí í ṣe Kedah ní ilẹ̀ Malay, kún oyè rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkọ̀ tún ń gbéra láti Nagapattinam lọ sí ilẹ̀ Malay. Àwọn òṣìṣẹ́ oko tí ìṣẹ́ lé kúrò nílé ni ó kún inú rẹ̀ nígbà náà.

4. Ewé ọ̀pẹ àti ìwé títẹ̀

Ìjọba Chola parí ní 1279. Lẹ́yìn èyí, ilẹ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ onírúurú alágbára. Àwọn Nayak tí wọ́n ń sọ èdè Telugu jọba níbẹ̀ láti 1532 sí 1673. Ní nǹkan bí 1675, Ekoji, ọbàkan Shivaji, gbà á, ìdílé àwọn Maratha sì wà lórí oyè títí di 1855. Ohun tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó pa èdè àwọn tí ó bá nílẹ̀ run. Ìdí nìyí tí orin ilẹ̀ náà fi gbilẹ̀. Ìlú Tiruvarur ni a ti bí Syama Sastri (1762–1827), Tyagaraja (1767–1847) àti Muthuswami Dikshitar tí ó kú ní 1835, àwọn mẹ́ta tí a kà sí òpómúléró orin gúúsù Íńdíà. Èdè Telugu ni ó sì pọ̀ jù nínú orin Tyagaraja, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín àwọn Tamil ni ó lo gbogbo ayé rẹ̀.

Ní 1799, ọba Maratha tí ń jẹ́ Serfoji Kejì fi ọwọ́ sí ìwé tí ó gbé ìṣàkóso ilẹ̀ rẹ̀ lé ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ààfin àti oyè ni ó kù fún un. Ní 1803, ó ní kí a gbẹ́ ìtàn ìdílé rẹ̀ ní èdè Marathi sára ògiri tẹ́ḿpìlì Rajaraja. Ọba tí kò ní ilẹ̀ mọ́ wá ibi tí orúkọ kì í parẹ́ sí, ó sì mọ ibi tí ó wà. Serfoji kan náà ni ó sọ ilé ìkàwé ààfin, Sarasvati Mahal, di ńlá. Ìwé àfọwọ́kọ tí ó ju 40,000 lọ ni ó wà níbẹ̀, ní èdè Sanskrit, Tamil, Telugu àti Marathi, púpọ̀ nínú wọn lórí ewé ọ̀pẹ. Ní 1918 ni a ṣí i fún gbogbo ènìyàn.

Ní etí òkun, àwọn ará Denmark ti tẹ̀dó sí Tranquebar láti 1620. Bartholomäus Ziegenbalg, àlùfáà ọmọ Jámánì, gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1706, ó kọ́ èdè Tamil, ó sì fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ Májẹ̀mú Tuntun jáde ní èdè náà ní nǹkan bí 1715. Ṣùgbọ́n ó tó ọdún púpọ̀ lẹ́yìn èyí kí lítíréṣọ̀ àtijọ́ àwọn Tamil fúnra wọn tó bọ́ sójú ìwé títẹ̀. Ẹni tí ó ṣe é jù ni U. V. Swaminatha Iyer, tí a bí ní Thanjavur ní 1855. Nígbà tí ó ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ní Kumbakonam, adájọ́ kan tí ń jẹ́ Ramaswami Mudaliar bi í bóyá ó ti ka Civaka Cintamani, ìwé àwọn ẹlẹ́sìn Jain. Kò kà á rí. Ìbéèrè yẹn ni ó gbé e dìde. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń tú ewé ọ̀pẹ tí kòkòrò ń jẹ, ó ń fi ẹ̀dà kan wé èkejì. Ní 1887 ó tẹ Civaka Cintamani jáde. Cilappatikaram tẹ̀lé e ní 1892, Purananuru ní 1894. Orúkọ ọ̀pọ̀ akéwì tí ì bá ti parẹ́ pátápátá tún padà sẹ́nu ènìyàn. Àpẹẹrẹ rẹ̀ kọ́ wa pé àlàfo inú ìwé kì í ṣe àyànmọ́, bí ẹnì kan bá ti lè gbéra lọ wá ohun tí ó sọnù.

5. Àwọn 44 ti Kilvenmani

Ní ọdún 1951, Kathleen Gough, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, lọ gbé ní abúlé kan ní Thanjavur láti ṣèwádìí. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, André Béteille ṣe bẹ́ẹ̀ ní abúlé mìíràn. Nínú ìwé wọn, àwọn méjèèjì fi orúkọ abúlé tòótọ́ pamọ́. Kumbapettai ni Gough pe tirẹ̀, Sripuram ni Béteille pe tirẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n rí kò jìnnà sí ohun tí ògiri Rajaraja wí: àdúgbò àwọn onílẹ̀ ní ọ̀tọ̀, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ oko ní ọ̀tọ̀. Òfin orílẹ̀-èdè Íńdíà ti fi òpin sí àṣà pípe ènìyàn ní ẹni tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn láti 1950. Òfin ti wà nínú ìwé. Kò tíì dé inú oko.

Láti ọdún 1940 sí ìwájú, àwọn òṣìṣẹ́ oko bẹ̀rẹ̀ sí í kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́. Ìrẹsì ni a fi ń san owó iṣẹ́ wọn, ohun tí wọ́n sì ń béèrè ni pé kí a fi díẹ̀ kún òṣùwọ̀n náà. Àwọn onílẹ̀ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 25 oṣù kejìlá ọdún 1968, àwọn ọmọọ̀ta àwọn onílẹ̀ ya wọ abúlé Kilvenmani. Àwọn tí kò lè sá, tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ obìnrin àti ọmọdé, wọ inú ahéré kan láti fara pamọ́. A ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, a sì dáná sun ahéré náà. Ènìyàn 44 ni ó kú. Dalit ni gbogbo wọn.

Ilé ẹjọ́ ní Nagapattinam dá àwọn onílẹ̀ kan lẹ́bi ní 1970. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ gíga ní Madras, a dá wọn sílẹ̀. Ara ohun tí ìdájọ́ náà gbé kalẹ̀ ni pé ó ṣòro láti gbàgbọ́ pé àwọn ọlọ́rọ̀, tí àwọn mìíràn nínú wọn ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, yóò fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ dáná sun ilé. Ẹ fi èyí wé ògiri tẹ́ḿpìlì. Ní ìgbà kìíní, akọ̀wé kò rí ìdí láti béèrè orúkọ òṣìṣẹ́ oko. Ní ìgbà kejì, orúkọ onílẹ̀ wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí adájọ́ fi gbà pé ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ kò lè hu irú ìwà bẹ́ẹ̀.

Lítíréṣọ̀ kò dákẹ́. Ní 1975, òǹkọ̀wé Indira Parthasarathy, tí a tọ́ dàgbà ní Kumbakonam, gbé ìtàn àròsọ Kurutippunal jáde lórí ọ̀ràn náà. Orúkọ ìwé náà ń sọ nípa odò tí ó di ẹ̀jẹ̀. Ní 1977, ilé-ẹ̀kọ́ gíga lítíréṣọ̀ orílẹ̀-èdè Íńdíà, Sahitya Akademi, fún un ní ẹ̀bùn. Àwọn mìíràn fi ọ̀nà mìíràn dáhùn. Lẹ́yìn Kilvenmani, Krishnammal Jagannathan àti ọkọ rẹ̀, àwọn ọmọlẹ́yìn Gandhi, wá gbé ní àgbègbè náà. Ní 1981 wọ́n dá ẹgbẹ́ LAFTI sílẹ̀, wọ́n ń bá àwọn onílẹ̀ dúnàádúrà, wọ́n ń ra ilẹ̀, wọ́n sì ń pín in fún àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Orúkọ àwọn obìnrin ni wọ́n ń jẹ́ kí a kọ sínú ìwé ilẹ̀. Àwọn ìyá tí àdúgbò wọn nìkan ni àwọn akọ̀wé ayé àtijọ́ mọ̀ di ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba, pẹ̀lú ààlà oko rẹ̀.

6. Ìkádìí

Kí n tó jókòó, ẹ jẹ́ kí n padà sórí omi. Ní 1924, Madras àti Mysore ṣe àdéhùn kan lórí Kaveri. Ní 1934 ni a parí ìsédò Mettur tí ó ń tọ́jú omi fún Thanjavur. Lẹ́yìn òmìnira, Karnataka àti Tamil Nadu fa ọ̀rọ̀ omi náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. A gbé ìgbìmọ̀ onídàájọ́ kalẹ̀ ní 1990, ó sì parí iṣẹ́ ní 2007. Ní oṣù kejì ọdún 2018, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Íńdíà pín omi náà. A ka ìpín Tamil Nadu sí 404.25 ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù ẹsẹ̀ onígun mẹ́ta, ti Karnataka sí 284.75, ti Kerala sí 30, ti Puducherry sí 7. Ìdájọ́ náà ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ ni ó mọ̀, gẹ́gẹ́ bí ògiri Rajaraja ti mọ abúlé. Nígbà tí omi bá kéré, oko tí ó wà ní ìparí ojú omi, lẹ́bàá òkun, ni ó kọ́kọ́ ń gbẹ. Ẹni tí ó ń gba iṣẹ́ ojúmọ́ lórí oko yẹn ni ebi sì kọ́kọ́ ń pa.

Nítorí náà, mo fẹ́ kí àwa tí a ń kàwé fún iṣẹ́ ṣe jẹ́jẹ́ bí a bá ń yin ilẹ̀ tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Àkọsílẹ̀ púpọ̀ kò túmọ̀ sí pé a kọ gbogbo ènìyàn. Iṣẹ́ wa ni láti ka ohun tí ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí Swaminatha Iyer ti ka ewé ọ̀pẹ, kí a sì tún béèrè ẹni tí ó gbin ìrẹsì tí akọ̀wé jẹ kí ó tó gbé irin ìgbẹ́kùúta rẹ̀. Ní Kilvenmani lónìí, òkúta ìrántí kan wà, orúkọ àwọn tí ó kú ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni a sì kọ sára rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó dé, ikú ni ó sì mú un wá. Ẹ jẹ́ kí á kà á pọ̀ mọ́ ògiri Rajaraja, nítorí ìtàn ilẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ.